RÉLÙWÉÈ KÉKERÉ KÌ Í ṢE ERÉ LÁSÁN
Ọ̀rọ̀ sí àwọn Ìjòyè àti àwọn Ọ̀mọ̀wé Aráròmí-Obu nípa ọjà Kérésìmesì

Kérésìmesì fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Láìpẹ́ àwọn ọmọ wa tí ó wà ní Èkó, ní Ìbàdàn àti ní ìdálẹ̀ yóò máa wọlé, ọjà ọdún yóò kún, ariwo bángà yóò sì gba ìlú kan. Kí ọjà náà tó kún, àwa ní ọ̀rọ̀ kan láti bá yín sọ nípa rẹ̀, a kò sì ní fi í pamọ́ sábẹ́ ahọ́n.

Ohun tí a ń fẹ́ nìyí. A fẹ́ kí a dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní Aráròmí-Obu, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ lọ́kùnrin àti lóbìnrin, tí yóò máa fi ọwọ́ ara wọn kan rélùwéè kékeré: ojú irin rẹ̀, ẹ́ńjìnnì rẹ̀, àwọn ọkọ̀ èrò àti ti ẹrù rẹ̀, ibùdókọ̀ rẹ̀ àti afárá rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ní ìwọ̀n tí ó bá ti ńlá mu, tí yóò sì máa rìn ní ti òdodo. A sì fẹ́ kí a fún ẹgbẹ́ náà ní àyè kan ní ọjà Kérésìmesì, kí wọ́n pàtẹ iṣẹ́ wọn fún tọmọdé tàgbà láti wò. Èyí kì í ṣe ohun tí ojú kò rí rí láyé. Ní Lọ́ńdọ̀nù irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ti wà láti ọdún 1910, ó sì wà títí di òní. Ní Jámánì, ní Ìlú Ọba àti ní Amẹ́ríkà, rélùwéè kékeré tí ń yí po nídìí igi Kérésìmesì ti di apá kan ọdún náà, gẹ́gẹ́ bí ìrẹsì àti adìyẹ ti jẹ́ apá kan tiwa.

Nígbà tí a kọ́kọ́ dá ọ̀rọ̀ yìí lábàá, ẹ̀rín ni àwọn kan fi dá wa lóhùn. Àwọn kan wí pé eré ọmọdé ni. Àwọn mìíràn wí pé ohun òyìnbó ni, kò sì yẹ ẹgbẹ́ tí ó ní òun ń gbé àṣà Yorùbá ga. Àwọn kẹta wí pé a fẹ́ fi ìlú ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí pé ìlú tí kò ní rélùwéè ńlá kò ní ohun tí yóò fi kékeré ṣe. Àwọn kẹrin sì béèrè ibi tí owó yóò ti wá. Àwa yóò dá wọn lóhùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí pé ohun tí ó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí ju ọ̀rọ̀ ẹ̀rín lọ.

ÀWỌN TÍ Ó WÍ PÉ ERÉ ỌMỌDÉ NI

Ta ni ó kọ́kọ́ ṣe ẹ́ńjìnnì tí ń fi agbára ooru omi rìn lórí irin? Richard Trevithick ni, ọmọ Cornwall ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kí ó tó kan ńlá, kékeré ni ó kọ́kọ́ kàn, ní nǹkan bí ọdún 1797. Ní ọjọ́ 24 Oṣù Kejìlá 1801, ọ̀la Kérésìmesì gan-an, ó gbé ọkọ̀ ńlá rẹ̀ jáde ní ìlú Camborne, ó sì fi í gun òkè pẹ̀lú àwọn ènìyàn lórí rẹ̀. Ní 1804 ó gbé òmíràn sórí irin ní ilẹ̀ Wales, ó sì fi í wọ́ ẹrù irin tọ́ọ̀nù 10. Bí a bá bi ẹni kan ní abúlé rẹ̀ ní 1797 pé kí ni ọ̀dọ́mọkùnrin yìí ń ṣe, bóyá òun náà ìbá dáhùn pé eré ọmọdé ni.

Ẹ jẹ́ kí a kúrò ní ilẹ̀ òyìnbó, kí a lọ sí Jàpáànì, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ tí ó kàn wá jù lọ wà. Ní ọdún 1853 ọkọ̀ ojú omi àwọn ará Rọ́ṣíà gúnlẹ̀ sí Nagasaki, wọ́n sì fi ẹ́ńjìnnì rélùwéè kékeré kan han àwọn ará ibẹ̀. Ní 1854 Ọ̀gágun Perry, ará Amẹ́ríkà, gbé òmíràn dé Yokohama, tí ó jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin ti ńlá. Ó tẹ́ irin rẹ̀ yí po, ó sì dá iná sí i. Ìjòyè Jàpáànì kan fẹ́ gùn ún. Inú ọkọ̀ náà kò gbà á, nítorí náà ó gun orí òrùlé rẹ̀, ó jókòó, agbádá rẹ̀ sì ń fẹ́ lẹ́lẹ́ nínú afẹ́fẹ́ bí ọkọ̀ náà ti ń sáré yí po. Ẹ̀yin Ìjòyè wa, ìjòyè bíi tiyín ni ọkùnrin yìí, kò sì ka rélùwéè kékeré sí ohun ẹ̀tẹ́.

Ohun tí ó tẹ̀ lé e ni kí ẹ fi ọkàn sí. Ní 1855, àwọn oníṣẹ́ ọnà àti ọ̀mọ̀wé agbègbè Saga, tí Tanaka Hisashige wà láàárín wọn, ti fi ọwọ́ ara wọn kan ẹ́ńjìnnì kékeré tiwọn, ó sì ń rìn. Wọn kò dúró de òyìnbó kí ó wá kọ́ wọn. Ohun tí wọ́n rí àti ohun tí wọ́n kà nínú ìwé ni wọ́n fi ṣe é. Ní 1872 rélùwéè ńlá bẹ̀rẹ̀ láti Tokyo dé Yokohama, àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì ni ó sì bá wọn ṣe é, pẹ̀lú ojú irin tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 3 àti ínǹṣì 6. Ní 1893 wọ́n kan ẹ́ńjìnnì ńlá àkọ́kọ́ nílẹ̀ ara wọn, ní Kobe. Ọmọ ọmọ Trevithick tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ni ó darí iṣẹ́ náà. Ní 1964 ọkọ̀ ojú irin tí ó yára ju gbogbo ti ayé ìgbà náà lọ ń sáré láti Tokyo sí Osaka, àwọn ọmọ ilẹ̀ Jàpáànì fúnra wọn ni ó sì ṣe é. Ní ti Tanaka, ilé iṣẹ́ tí ó dá sílẹ̀ ní 1875 ni ó dàgbà di ara Toshiba, orúkọ tí ọ̀pọ̀ nínú yín ti rí lára ẹ̀rọ inú ilé yín.

Ẹ wá wo tiwa. Ní 1896 ni a bẹ̀rẹ̀ sí tẹ́ ojú irin láti Èkó. Ní ọjọ́ 4 Oṣù Kẹta 1901 ni a ṣí i dé Ìbàdàn. Ó dé Òṣogbo ní 1907, ó dé Jẹ́bà ní 1909, nígbà tí ó sì di 1912, ènìyàn lè wọ ọkọ̀ ní Èkó kí ó sì sọ̀ ní Kánò. Kí ni fífẹ̀ ojú irin náà? Ẹsẹ̀ bàtà 3 àti ínǹṣì 6, kò lé, kò dín, bíi ti Jàpáànì gẹ́lẹ́. Ọdún 24 péré ni ó wà láàárín ìbẹ̀rẹ̀ tiwọn àti ìbẹ̀rẹ̀ tiwa. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ṣí ojú irin tuntun láti Èkó dé Ìbàdàn ní ọjọ́ 10 Oṣù Kẹfà 2021, ojú irin tí ó gùn tó kìlómítà 157, àwọn ará Ṣáínà ni ó tẹ́ ẹ, ilẹ̀ Ṣáínà ni a sì ti kó àwọn ọkọ̀ rẹ̀ wá. Ọgọ́fà ọdún lẹ́yìn ti àkọ́kọ́, ẹlòmíràn ni ó tún wá ṣe é fún wa.

Ẹnikẹ́ni lè wí pé Jàpáànì wà lómìnira nígbà náà, àwa sì wà lábẹ́ àjèjì. Òtítọ́ ni, ẹni tí ó bá sì gbàgbé rẹ̀ kò ṣe òdodo sí àwọn baba wa. Àjèjì tẹ́ ojú irin náà láti kó kòkó, ẹ̀pà àti òwú wa lọ sí etí òkun. Kò tẹ́ ẹ láti kọ́ wa ní iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ka ọdún. Láti ìgbà tí Jàpáànì rí kékeré ní 1854 títí ó fi kan ńlá ní 1893, ọdún 39 ni. Ọdún 39 lẹ́yìn òmìnira wa ní 1960 ti kọjá ní 1999. A kò lè máa fi àjèjì ṣe àwáwí títí ayé. Kì í sì í ṣe pé ọgbọ́n kò sí láàárín wa: àwọn ọmọ Yorùbá àti àwọn ẹ̀yà mìíràn tún ẹ́ńjìnnì ṣe ní ilé iṣẹ́ rélùwéè ní Ẹ̀búté-Mẹ́ta láti ìran dé ìran. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé ọgbọ́n náà kò jáde kúrò nínú ọgbà ilé iṣẹ́ náà. Kò dé ilé ìwé, kò dé ọjà, kò dé ọwọ́ ọmọdé.

Bí a bá sì fẹ́ ẹ̀rí mìíràn, ó wà. Frank Hornby, akọ̀wé kan ní Liverpool, ni ó gé irin pẹlẹbẹ tí ó ní ihò fún àwọn ọmọ tirẹ̀ kí wọ́n lè máa fi í kan afárá àti ẹ̀rọ. Ó gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní 1901, ọdún kan náà tí rélùwéè wa dé Ìbàdàn. Ní 1920 ó bẹ̀rẹ̀ sí tà rélùwéè kékeré, ní 1931 ó sì wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ìlú Ọba. Ní Amẹ́ríkà, ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Massachusetts Institute of Technology, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dá ẹgbẹ́ rélùwéè kékeré sílẹ̀ ní 1946. Wáyà àti àwọn àmì tí ń darí ọkọ̀ wọn kò jẹ́ kí wọ́n sùn. Láti ibẹ̀ ni àwọn kan nínú wọn ti bọ́ sídìí kọ̀ǹpútà nígbà tí kọ̀ǹpútà ṣì tóbi bí yàrá, nígbà tí ó sì di 1962 wọ́n ti ṣe Spacewar!, ọ̀kan nínú àwọn eré orí kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ láyé. Ẹ̀yin akọ̀wé àti olùkọ́ wa, ṣé ẹ ṣì fẹ́ wí pé eré ọmọdé ni? Abẹ́rẹ́ kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe mímì fún adìyẹ.

ÀWỌN TÍ Ó WÍ PÉ OHUN ÒYÌNBÓ NI

A bọ̀wọ̀ fún àwọn tí ó wí èyí, nítorí pé ìfẹ́ àṣà ni ó mú wọn sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ wa. Kérésìmesì tí a ń ná ọjà rẹ̀, ta ni ó gbé e wá? Ìrẹsì tí a ń sè nínú rẹ̀ ńkọ́? Nígbà tí ohun àjèjì bá wọlé, kì í ṣe ibi tí ó ti wá ni ó ń pinnu bóyá yóò di tiwa. Ohun tí ń pinnu rẹ̀ ni bóyá a fi ọwọ́ wa kàn án.

Àwọn baba wa mọ èyí. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀-Èkìtì gbẹ́ ilẹ̀kùn fún ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́, ó sì gbẹ́ òyìnbó ajẹ́lẹ̀ sí ara rẹ̀, tí àwọn ènìyàn gbé rù wá síwájú Ọba. Kò wí pé òun kò ní gbẹ́ òyìnbó nítorí pé àjèjì ni. Ó gbẹ́ ẹ bí ojú Yorùbá ti rí i, Ògògà sì tóbi jù ú lọ. Ní 1924 a gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ńlá ní Wembley, àwọn aláṣẹ British Museum sì fẹ́ ẹ gidigidi. Ògògà kò tà á lówó. Wọ́n ní láti ṣe ìtẹ́ kan ní Ìlú Ọba fún un kí ó tó fi ilẹ̀kùn náà lé wọn lọ́wọ́. Bákan náà ni Thomas Onajeje Odulate, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tí ó ṣiṣẹ́ ní Èkó, gbẹ́ lọ́yà, míṣọ́nnárì àti ajẹ́lẹ̀ ní ère kéékèèké tí ọwọ́ lè gbé, tí àwọn òyìnbó fúnra wọn ń rà. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé sísọ ohun ńlá di kékeré kì í ṣe ọgbọ́n Yorùbá, ẹ bi í léèrè pé kí ni ère ìbejì.

Rélùwéè pàápàá, ta ni ó fún un ní orúkọ tí ó ń jẹ́ láàárín wa? Àwa ni. Àwọn baba wa wò ó, wọ́n ní ọkọ̀ ojú irin ni. Wọ́n rí irin, wọ́n sì mọ̀ pé Ògún ni ó ni í, ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú irin ni ó sì ń bọ Ògún lọ́dọọdún títí di òní. Ohun tí ó ti gba Abẹ́òkúta, Ìbàdàn, Òṣogbo, Ọ̀fà àti Ìlọrin kọjá fún ohun tí ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ, tí àwọn baba wa tẹ́ ìdí rẹ̀ pẹ̀lú agbọ̀n iyẹ̀pẹ̀ lórí wọn, ṣé ohun òyìnbó ni a óò máa pè é títí láé?

Nísinsìnyí a fẹ́ sọ ohun tí ó ń dùn wá jù. Gbogbo wa ni ó mọ ọkọ̀ agolo. Ọmọdé yóò wá agolo sàdíìnì tàbí ti mílíìkì, yóò gé bàtà rọ́bà tí ó ti já fún ẹsẹ̀ rẹ̀, yóò fi wáyà so ó, yóò gún igi gígùn sí i láti fi darí rẹ̀, yóò sì máa tì í lọ ní àdúgbò. Kò sí ẹni tí ó kọ́ ọ. Òun fúnra rẹ̀ ni ó wọn ọ̀nà tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ yóò fi yí, òun ni ó rí i pé bí ẹsẹ̀ kan bá tóbi ju èkejì lọ, ọkọ̀ kò ní rìn ní tààrà. Kí ni àwa àgbà ń ṣe nígbà tí a bá rí i? A óò ní kí ó ju ìdọ̀tí náà nù, kí ó lọ mú ìwé rẹ̀. Bí Kérésìmesì bá sì dé, a óò lọ sí ọjà kan náà, a óò ra ọkọ̀ ìṣeré aláràbarà tí a ṣe ní Ṣáínà fún ọmọ kan náà, èyí tí yóò ti fọ́ kí ọdún tuntun tó wọlé. Ohun tí a ń kọ́ ọmọ náà láìsọ ọ́ lẹ́nu ni pé ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe, ìdọ̀tí ni. Ohun tí a rà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ẹ̀bùn ni. Nígbà tí ó bá di mínísítà lẹ́yìn ogójì ọdún, tí ó sì lọ ra rélùwéè ńlá wá láti òkè òkun láìronú pé a lè kan ohunkóhun nínú rẹ̀ nílé, ẹ má ṣe bú u. Ìdí ọjà Kérésìmesì ni ó ti kọ́ ọ.

ÀWỌN TÍ Ó WÍ PÉ YẸ̀YẸ́ NI

Wọ́n ní: rélùwéè kò sí ní Aráròmí-Obu, kò sí ní Ore, kò sí ní Odígbó, kò sí ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó rárá; kí ni a fẹ́ fi kékeré ṣe? Àwa dáhùn pé nítorí pé kò sí ni a ṣe ń fẹ́ ẹ. Ọmọ Ìbàdàn lè lọ sí Mọ́níyà kí ó lọ wo rélùwéè ní ibùdókọ̀ tí a fi orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pè. Ọmọ Èkó lè wọ ti Marina, ó sì lè lọ sí Ẹ̀búté-Mẹ́ta, níbi tí ẹgbẹ́ Legacy 1995 ti tún Ilé Jaekel, tí a kọ́ ní 1898, ṣe, tí wọ́n sì kó ohun àtijọ́ rélùwéè jọ síbẹ̀. Iṣẹ́ rere ni wọ́n ṣe, a sì yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n níbo ni ọmọ Aráròmí-Obu yóò ti rí i? Bí kò bá rí i rí, báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé ohun kan ṣẹ́ kù fún òun?

Gbogbo ará agbègbè wa mọ ohun tí Oṣù Kejìlá jẹ́ lójú títì Èkó sí Benin. Ore ni gbogbo ayé ń gbà kọjá: àwọn tí ń lọ sí Benin, sí Aṣábà, sí Oníṣà àti sí gbogbo ilẹ̀ Ìgbò, pẹ̀lú ẹrù ọdún lórí ọkọ̀. Ní 1967, nígbà ogun abẹ́lé, Ore ni àwọn ọmọ ogun Biafra dé kí a tó dá wọn padà, láti ìgbà náà ni àwọn ènìyàn sì ti ń wí pé, "Ó le kú, ìjà Ore." Ogun ìbọn ti tán tipẹ́, ṣùgbọ́n ogun ojú títì kò tán. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ihò ojú títì náà fi jẹ́ ẹ̀rù fún arìnrìnàjò, tí àwọn ènìyàn ń sùn mọ́jú nínú ọkọ̀ ní etí ìlú wa. Ẹ̀jẹ̀ tí títì náà ti gbà kọjá kíkà. Gẹdú, kòkó, epo pupa àti rọ́bà ilẹ̀ wa, orí títì kan náà ni gbogbo wọn ń gbà jáde.

Ní 2014 ìjọba àpapọ̀ tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú ilé iṣẹ́ Ṣáínà kan láti tẹ́ ojú irin láti Èkó dé Calabar, orúkọ Ìjẹ̀bú-Òde, Ore àti Benin sì wà nínú àwọn ìlú tí yóò gbà kọjá. Ta ni nínú yín tí ó rí irin kan ṣoṣo rẹ̀ ní Ore? Ta ni ó sì ti dìde béèrè? A kò béèrè, nítorí pé kò sí nínú ojú inú wa. Ẹ rántí Èkó. Gómìnà Lateef Jakande bẹ̀rẹ̀ ètò rélùwéè àárín ìlú. Ní 1985 ìjọba ológun pa á tì. Oṣù Kẹsàn-án 2023 ni èrò tó wọ ọkọ̀ ojú irin tí ó gbẹ̀yìn dé, èyí tí ó ń lọ láti Marina sí Mile 2. Ọdún 38 ni ó ṣòfò. Ohun tí ará ìlú kò bá fi ọkàn rí, wọn kì í jà fún un nígbà tí a bá gbà á lọ́wọ́ wọn.

Nítorí náà kì í ṣe yẹ̀yẹ́. Bí ọmọ ọdún mẹ́wàá bá rí ibùdókọ̀ Ore tí ó kéré lórí tábìlì ní ọjà, tí orúkọ ìlú rẹ̀ wà lára pákó rẹ̀, tí ọkọ̀ sì dúró níbẹ̀ tí ó tún ṣí, yóò bi baba rẹ̀ pé, "Ti ńlá dà?" Ìbéèrè yẹn ni àwa ń wá. Àwọn tí kò fẹ́ kí a bi wọ́n nìkan ni yóò pè é ní yẹ̀yẹ́.

ÀWỌN TÍ Ó BÉÈRÈ OWÓ

Ìdáhùn èyí kò gùn. Ẹ ṣe ìṣirò owó tí ìlú ń fi jó bángà ní ọjọ́ mẹ́ta ọdún, kí ẹ sì fi ìdá kan nínú ogún rẹ̀ sílẹ̀. Agbègbè Ore kún fún ilé ìlagi. Àjákù pákó tí a ń sọ síná níbẹ̀ tó láti kan rélùwéè fún gbogbo ìpínlẹ̀ yìí. Agolo wà, wáyà wà. Ẹ̀rọ kékeré tí ń yí kásẹ́ẹ̀tì nínú rédíò tí ó ti bàjẹ́ lè fa ọkọ̀ pẹ̀lú bátìrì mélòó kan. Ní ti ẹsẹ̀ ọkọ̀, ohun tí ó yà á sọ́tọ̀ sí ti mọ́tò ni ètè tí ó ní, èyí tí kò jẹ́ kí ó yẹ̀ kúrò lórí irin. Kí káfíńtà gé pákó róbótó méjì, kí ọ̀kan tóbi díẹ̀ ju èkejì lọ, kí ó lẹ̀ wọ́n pọ̀, ètè ti dé.

Ní ti ìwọ̀n, a ti ronú lé e lórí. Ojú irin àtijọ́ wa fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 3 àti ínǹṣì 6, èyí tí í ṣe ínǹṣì 42. Bí a bá sọ ohun gbogbo di ìdá kan nínú 42, ojú irin náà yóò di ínǹṣì 1 géérégé, ọkọ̀ tí ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 42 yóò di ẹsẹ̀ bàtà 1, ènìyàn tí ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 5 àti ínǹṣì 10 yóò sì fi díẹ̀ dín ní ínǹṣì 2. Ọmọ tí ó bá fi odindi oṣù kan pín ohun gbogbo sí ọ̀nà 42 kò ní bẹ̀rù ìṣirò mọ́ láyé rẹ̀. Máìlì kan yóò gba nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 126, nítorí náà kò sí bí a ṣe lè tẹ́ gbogbo ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn sínú ọjà. Ẹ jẹ́ kí a mú ibi méjì péré: apá kan kí ó jẹ́ ọ̀nà àtijọ́ ní ọdún 1901, pẹ̀lú afárá Odò Ògùn ní Abẹ́òkúta; apá kejì kí ó jẹ́ ọ̀nà tí a kò ì tẹ́, láti Ìjẹ̀bú-Òde gba Ore lọ sí Benin. Apá àkọ́kọ́ ni ìtàn wa, èkejì ni gbèsè tí a jẹ wá.

OHUN TÍ A Ń BÉÈRÈ LỌ́WỌ́ YÍN

Lọ́wọ́ ẹ̀yin Ìjòyè, a ń béèrè àyè kan tí òjìji wà ní ọjà, láìgba owó ìsọ̀. A sì ń béèrè pé kí ẹ wá fúnra yín ní ọjọ́ ìṣípàtẹ, kí ẹ sì wò ó pẹ́. Bí àwọn ọmọdé bá rí i pé ẹ tẹ̀ ba wo iṣẹ́ ọwọ́ wọn, ọ̀rọ̀ tí ìyẹn yóò sọ fún wọn ju ìwàásù ọdún kan lọ. Ẹ rántí ìjòyè tí ó jókòó lórí òrùlé ní Yokohama.

Lọ́wọ́ ẹ̀yin olùkọ́ àti akọ̀wé, a ń béèrè wákàtí méjì ní ọjọ́ Sátidé. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ ní wíwọ̀n, ní yíya àwòrán, àti ní bí omi gbígbóná ṣe ń di agbára: bí ooru rẹ̀ ti ń fẹ́ àyè sí i nínú ìkòkò irin tí a dé pa, tí ó sì ń ti ọ̀pá irin síwájú àti sẹ́yìn títí ẹsẹ̀ ọkọ̀ fi ń yí. Kí ẹ fi èdè Yorùbá kọ́ wọn, kí gbogbo àkọlé ibi ìpàtẹ náà sì jẹ́ Yorùbá, kí ìyá tí ń ta ata nítòsí lè ṣàlàyé rẹ̀ fún ọmọ rẹ̀.

Lọ́wọ́ ẹ̀yin káfíńtà, alágbẹ̀dẹ, oníṣẹ́ páànù àti àwọn tí ń tún rédíò ṣe, a ń béèrè pé kí olúkúlùkù yín gba ọmọ méjì mọ́ra títí di ọdún. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi yín sẹ́yìn nítorí pé ẹ kò ka ìwé púpọ̀. Nínú iṣẹ́ yìí, ẹ̀yin ni ọ̀jọ̀gbọ́n, àwọn ọ̀mọ̀wé ni yóò máa gbé òòlù fún yín.

Bí ọkọ̀ náà bá sì yẹ̀ kúrò lórí irin ní ọdún àkọ́kọ́, ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín. Kí wọ́n gbé e padà sórí irin, kí wọ́n wo ibi tí ó ti yẹ̀, kí wọ́n sì tún un ṣe. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Àwọn ọmọ ti ṣe tiwọn láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń fi agolo ṣe ọkọ̀. Ọjà Kérésìmesì ń bọ̀; ó ku ti àwa àgbà.